Ọjọ́ Tí Awòdúdú Já Wọn Kulẹ̀

Oṣù mẹ́rìnlá ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n jọ ni ilé ìtẹ̀wé fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n ló ń dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Yíǹkì ti wọ ìdí èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ ò rí i ṣe mọ́, Oníyíǹkì ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ló ń gé ìwé. Abẹ ẹ̀rọ tó fi ń gé e gùn bí apá àgbàlagbà, ó sì lè gba àárín òkìtì ìwé kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òun náà ní Alábẹ. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìdánwò, páálí oògùn, gbogbo rẹ̀ ló ń ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ọwọ́ àbúrò, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní la ẹnu.

Màmá Aránwèé ló ń bá wọn la ẹnu. Òun ló ń rán ẹ̀yìn ìwé, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá wọn. Bí Oníyíǹkì bá fẹ́ kí ìwé kan kéré sí i, á ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún un pé kó yọ etí rẹ̀ díẹ̀." Alábẹ, tí kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ, á dáhùn pé, "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti yọ ọ́." Nígbà tó yá, Màmá Aránwèé ò tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Ó ní etí àwọn méjèèjì ò di, ẹnu nìkan ló di.

Ikú ìyá wọn ló fà á. Ọjọ́ méjìlá ni màmá náà lò ní ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pín ìtọ́jú láàárín ara wọn. Ní ọjọ́ kọkànlá, dókítà ní kí àwọn ọmọ má jìnnà. Alábẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ilé ìtẹ̀wé sí ilé ìwòsàn, pé bí nǹkan bá ti fẹ́ yí padà, kó pe òun. Oníyíǹkì ní òun ti gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ìpè máa dé, ó ti lé ní wákàtí kan tí màmá ti kú. Aṣọ tí wọ́n fi bò wọ́n lójú ni Alábẹ bá. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ló dé tí kò pe òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó yá jù, pé Màmá kàn di òun lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ.

Alábẹ ò tún bi í ní nǹkan mìíràn láti ọjọ́ náà. Ohun tó ń dùn ún, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún ìyàwó rẹ̀, ni pé ẹ̀gbọ́n òun dá gba ìdágbére tó yẹ kí àwọn jọ gbà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá Aránwèé ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, pé ọkùnrin tó ń gé ìwé tọ́ báyìí ò rí tirẹ̀ gé tọ́. Kò gbọ́.

Àbúrò wọn obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìṣirò, ni àwọn méjèèjì ń pè ní Tíṣà. Ó ti pe àwọn àgbà ìdílé sí ọ̀rọ̀ náà, ó ti sunkún, ó ti bínú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ já sí pàbó ló rántí fíìmù. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bàbá wọn a máa kó wọn lọ wo fíìmù Íńdíà lọ́jọ́ Sátidé, ààyò àwọn ọmọkùnrin méjèèjì sì ni òṣèré kan tí àwọn ará àdúgbò sọ ní Awòdúdú, nítorí pé awò dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, bó jẹ́ inú odò ló ti ń jà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí Awòdúdú ti ṣe fíìmù gbẹ̀yìn. Ó wá ṣe tuntun báyìí, wọ́n ní ìjà inú rẹ̀ ò kéré, ẹ̀rín inú rẹ̀ ló sì máa pa ènìyàn. Tíṣà ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún ọ̀sán Sátidé, ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, kò sì sọ fún èyíkéyìí nínú wọn pé èkejì ń bọ̀. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.

Bí Alábẹ ṣe dé ìlà kẹjọ tó rí ẹni tó jókòó síbẹ̀, ó fẹ́ padà, àmọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti ń tì í. Tíṣà jókòó sáàárín wọn bí odi, ó gbé gúgúrú lé itan, ó sì kọjú síwájú.

Ilé sinimá náà kún dẹ́múdẹ́mú. Mekáníìkì mẹ́ta tí wọn ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ wà ní ìlà tó wà níwájú wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bàbá arúgbó kan gbé ọ̀pá rẹ̀ dábùú ẹsẹ̀, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti ń wo Awòdúdú láti ìgbà tí àga ilé sinimá ti jẹ́ bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn wọn gan-an ni ọkùnrin kan tó mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá náà ò lè ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ọmọ ló ń kà á sí i létí.

Nígbà tí Awòdúdú kọ́kọ́ yọ, gbogbo ilé dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n súfèé, bàbá arúgbó na ọ̀pá rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ni àwòrán sún mọ́ ojú òṣèré náà, àtẹ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú ti wú. Wọ́n ti kun àtíkè sí i bí ìgbà tí wọ́n bá rẹ́ ògiri, irun tí wọ́n pa láró sì dúdú ju awò lọ. Ọ̀kan nínú àwọn mekáníìkì sọ pé bàbá yìí ti dàgbà. Èkejì ní kó fara balẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló ń pẹ́ kó tó gbóná.

Kò gbóná. Ìtàn náà ni pé ọlọ́pàá kan sọ ara rẹ̀ di alásè ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá, kó lè mú àwọn olè tó jí adé ọba kan. Ó bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi tó ogún ìṣẹ́jú, ó tún bọ́ sínú ìkòkò kan náà, ọmọ kékeré kan nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé, gbogbo ayé sì rí okùn tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀. Ó jà pẹ̀lú ogún ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá máa ga ju orúnkún lọ, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi hàn. Ọmọbìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú fíìmù náà ò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń kọrin lórí yìnyín, obìnrin kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ò lè mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni wọ́n ń ṣe tàbí bàbá ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ẹni kan pòṣé lápá ọ̀tún, ẹlòmíràn gbà á lápá òsì. Àwọn kan tan fóònù, iná rẹ̀ ń hàn káàkiri bí ìràwọ̀. Ìyá tó wà lẹ́yìn wọn bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló dé tó dákẹ́.

"Màmá, wọn ò sọ nǹkan kan tó yẹ kí n tún sọ."

"Ṣebí ẹnu wọn ń mì."

Ọmọ náà ní ẹnu ń mì lóòótọ́.

Nígbà tí iná tàn fún ìsinmi àárín fíìmù, ojú gbogbo ènìyàn dà bí ojú ẹni tí wọ́n ta ọjà tí kò dára fún. Bàbá arúgbó ṣì ń gbèjà Awòdúdú. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù, pé apá kejì ni fíìmù Íńdíà máa ń wà. Tíṣà, tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó gbèrò gbogbo rẹ̀, na ara, ó ní orí ń fọ́ òun, pé òun ní ìwé ìdánwò ogójì ọmọ tí òun ò tíì máàkì, ó sì dìde. Alábẹ fẹ́ tẹ̀ lé e. Tíṣà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ó kéré tán, ẹ wá bá mi sọ bó ṣe parí." Kò tún dúró gbọ́ èsì. Bí àga kan ṣe ṣófo láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì nìyẹn, tó ku páálí gúgúrú nìkan lórí rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn ò padà wọlé.

Apá kejì bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwọn olè ti lu ìyá Awòdúdú, wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, ó ń kú lọ. Ọmọ ń sáré bọ̀, àwọn olè dí i lọ́nà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń fi irin tí wọ́n ń fi kọ́ omi oògùn lù wọ́n lórí. Ìjà náà gùn. Nígbà tó fi máa ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ti fa ìlà gbọọrọ kan, pé ọkàn ìyá ti dúró. Awòdúdú dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó yọ awò rẹ̀.

Kò tíì yọ ọ́ rí nínú fíìmù kankan. Ilé pa lọ́lọ́. Àwọn mekáníìkì pàápàá ò mira. Ojú àgbàlagbà ni ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì tutù. Fún bí ìṣẹ́jú kan, ó dà bíi pé òṣèré náà ti gbàgbé irú fíìmù tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì kan yọ̀ ṣubú, gbogbo ilé sì wá rí i pé wáyà ẹ̀rọ náà ló ti yọ látijọ́ lára ògiri. Nọ́ọ̀sì tún wáyà náà tì bọ ògiri, ẹ̀rọ ń dún, ìyá fò dìde lórí ibùsùn, òun àti gbogbo aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ariwo tó sọ ní ilé sinimá lẹ́yìn náà, kì í ṣe ti ayọ̀. Wọ́n hó lé e lórí. Gúgúrú ń fò. Bàbá arúgbó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó jáde láìwo ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé e.

Alábẹ ò hó. Ó ń wo iwájú. Láìyí ọrùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni Màmá ṣe lọ gan-an?"

Orin yẹn parí. Alábẹ ti rò pé Oníyíǹkì ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

"N ò sí níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé ẹlòmíràn. Ó ní òun ti nu ojú Màmá, Màmá sì ti sùn, èémí wọn ń lọ déédéé. Ó ní òun sọ̀ kalẹ̀ lọ mu tíì, òun ò sì ní i lọ́kàn ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíì ló ti pàdé oníbàárà kan, ọkùnrin oníṣẹ́ oògùn tí wọ́n ń bá tẹ páálí. Ọkùnrin náà ní àwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ̀ ṣú jù. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́. Nígbà tó máa fi padà gòkè, nọ́ọ̀sì ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọ̀ páálí la ń sọ," ni ó wí. "Odindi ogójì ìṣẹ́jú."

Alábẹ wá yí ojú sí i. Ó bi í pé ta ló wà lọ́dọ̀ Màmá.

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ẹ ní wọ́n di yín lọ́wọ́ mú."

"Irọ́ ni mo pa."

Ó ní òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí kan, fóònù wà lọ́wọ́ òun, òun ò lè tẹ̀ ẹ́, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí Alábẹ máa bi òun ni òun mọ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wọn na ọwọ́ láti kàn wọ́n léjìká pé kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ di í lápá mú, ó sì mi orí. Lójú sinimá, Awòdúdú tún ti bọ́ sínú ìkòkò, ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Alábẹ ò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ìbínú tó ti gbé fún oṣù mẹ́rìnlá ò tíì lọ, àmọ́ kò rí ibi tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Nǹkan tó rò pé ẹ̀gbọ́n òun gbà mọ́ òun lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n náà ò ní i. Kò sẹ́ni tó ní i. Ó ronú nípa yàrá yẹn, fèrèsé rẹ̀, àti Màmá nìkan nínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. Ó gbé páálí gúgúrú kúrò lórí àga àárín, ó gbé e sílẹ̀, ó sì sún síbẹ̀.

"Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń jowú yín," ni ó wí.

"Mo mọ̀. Mo ní ó sàn kí o máa jowú mi ju kí o mọ òótọ́ lọ."

Wọ́n wo fíìmù náà dé òpin. Àwọn ọlọ́pàá rí adé, wọ́n mú olè, Awòdúdú fẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó kéré. Iná tàn.

Níta, àwọn tó jáde ṣáájú ò tíì lọ. Wọ́n dúró sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń ṣàròyé nípa fíìmù náà, bó ṣe máa ń rí nígbà tí nǹkan bá ti já gbogbo ènìyàn kulẹ̀ pa pọ̀, tí ẹnì kan ò ní fẹ́ dá gbé e lọ sílé. Mekáníìkì kan ń ṣe bí Awòdúdú ṣe ń fò, èkejì ń ṣe bí ẹni di okùn mú fún un. Obìnrin tó gbé ọmọ sẹ́yìn ní ó kéré tán ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ dára. Bàbá arúgbó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ká ní wọ́n ti jẹ́ kí ọkùnrin yẹn sunkún rẹ̀ tán ni, òun ì bá dárí gbogbo ìyókù jì í.

Àwọn ọmọ ìyá méjì yìí ló jáde kẹ́yìn, ojú wọn sì pọ́n. Mekáníìkì tó ń fò dúró. Ó wò wọ́n lókè wò wọ́n nílẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe pé fíìmù yìí ló pa àwọn àgbà lẹ́kún. Oníyíǹkì ní ibi ilé ìwòsàn yẹn ló mú òun. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alábẹ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sí ilé Tíṣà. Alábẹ ló ní kí wọ́n lọ, torí kò yẹ kó jẹ́ àwọn ọkùnrin nìkan ló mọ̀ ọ́n. Inú Tíṣà dùn títí ó fi gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Oníyíǹkì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, kò fo àwọ̀ páálí. Tíṣà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi í ní aago tó sọ̀ kalẹ̀ àti aago tó gòkè, ó ṣírò rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.

Bí omi ṣe tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tó ń parí ìjà tẹ́lẹ̀ ló wá di oníjà. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni Tíṣà ò fi gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà. Alábẹ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ní ilé ìtẹ̀wé, òun àti Oníyíǹkì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, ìgbà mìíràn tí wọ́n bá tiẹ̀ ń jiyàn lórí bí ìwé ṣe rí, Màmá Aránwèé á ní ariwo ti wá pọ̀ jù báyìí, pé ìgbà tí wọ́n dákẹ́ ní àǹfààní tirẹ̀. Ní ilé sinimá, fíìmù náà ò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi yọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Tíṣà wá sí ilé Oníyíǹkì fúnra rẹ̀, ó bá Alábẹ níbẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni pẹ́. Ó jókòó, ó ní òun ò wá bínú, òun ò sì tíì wá dárí jì. Ó ní ohun tí òun fẹ́ ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ìdá ọjọ́ méjìlá tirẹ̀, ohun tí Màmá wí, ohun tí wọ́n jẹ, bí wọ́n ṣe sùn, kí òun lè ní gbogbo rẹ̀.

Wọ́n sọ ọ́. Ó gbà wọ́n ní gbogbo ọ̀sán. Alábẹ ò mọ̀ pé Màmá ti ní kí Oníyíǹkì ka ìwé ìròyìn fún àwọn, pé apá ojú ọjọ́ nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Oníyíǹkì ò mọ̀ pé Màmá ti bá Alábẹ rojọ́ obìnrin ibùsùn kejì, wọ́n ní híhanrun rẹ̀ máa pa àwọn kí àìsàn tó pa àwọn. Tíṣà ní ọjọ́ kẹsàn-án ni Màmá kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ, nígbà tí òun ti pé ọdún méjìlélógójì. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí èyí. Nígbà tí wọ́n dé ọjọ́ kejìlá, Oníyíǹkì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè.

Tíṣà kó àwọn ife lọ sí ilé ìdáná, ó fọ̀ wọ́n. Kó tó máa lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ omi yín ń jò. Ẹ pe ẹni tó máa tún un ṣe."

Oníyíǹkì ní òun máa pè é lọ́la.